Ìràwọ̀ tó ń jẹ èkejì rẹ̀: báwo la ṣe ń wá a rí?

Ẹ fojú inú wo àmì ìmọ́lẹ̀ kan láàárín àwòrán ojú ọ̀run. Ẹ fẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ méjì ni. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n sì sún mọ́ra débi pé àlàfo àárín wọn kì í sábà ju ìbú oòrùn wa lọ. Ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ èkejì.

Èyí tó ń jẹun yẹn là ń pè ní aràrá funfun. Ìràwọ̀ tó ti kú ni, ohun tó ṣẹ́ kù níkùn rẹ̀ la ń wò. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ayé wa lọ, àmọ́ ó wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oòrùn. Èkejì jẹ́ ìràwọ̀ pupa tó kéré sí oòrùn, tí kò sì gbóná tó o. Agbára òòfà aràrá yẹn ló ń fa gáàsì kúrò lára rẹ̀. Gáàsì ọ̀hún ò lè já sórí aràrá náà tààrà, torí àwọn méjèèjì ò dúró sójú kan. Ṣe ló máa ń yí i po títí tó fi di àwo pẹrẹsẹ kan tó gbóná gan-an. Cataclysmic variable làwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pe irú ìràwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀, CV ni wọ́n sì ń gé e kúrú sí.

Látijọ́, ariwo wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ṣàdédé mọ́lẹ̀ yòò, la fi ń mọ̀ wọ́n. Lọ́dún 1855, John Russell Hind rí ìràwọ̀ kan nínú agbo ìràwọ̀ Gemini níbi tí kò ti rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó tún fi pòórá. U Geminorum nìyẹn. Lọ́dún 1896, Louisa Wells ń yẹ fọ́tò ojú ọ̀run wò ní Harvard, ló bá rí SS Cygni. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje síra wọn, ìyẹn máa ń ṣàdédé mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 40. Gáàsì ló ń kóra jọ sínú àwo yẹn. Tó bá ti pọ̀ dé àyè kan, á gbóná lójijì, á sì ya lu aràrá náà. Ọdún 1954 ni Merle Walker wá rí i pé ìràwọ̀ míì, DQ Herculis, tó ti bú gbàù lọ́dún 1934, ń ṣú ní gbogbo wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 39. Ọ̀kan ló ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Àṣírí tú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Bí àwọn ìràwọ̀ yìí ṣe ń yípo, wọ́n ń pàdánù agbára, wọ́n sì ń sún mọ́ra sí i, títí ìyípo kan á fi máa gba nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú péré. Tó bá débẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ìṣirò sọ pé ibẹ̀ ni ìrìn wọn ti máa ń lọ́ra jù, torí náà ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n pọ̀ sí jù. Àmọ́ nígbà táwọn onímọ̀ ka gbogbo èyí tí wọ́n ti rí, wọn ò rí ogunlọ́gọ̀ kankan níbẹ̀. Ṣé ìṣirò ló ṣìnà ni, àbí ojú tá a fi ń wá wọn?

Ojú tá a fi ń wá wọn ni. Àwọn aláriwo nìkan la ti ń kó jọ. Ẹ wo WZ Sagittae: ọdún 1913, 1946, 1978 àti 2001 ló mọ́lẹ̀ yòò. Ká ní kò sún mọ́ wa ni, ta ló máa kíyè sí i?

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí CV dá sílẹ̀. Lọ́dún 2000, Sloan Digital Sky Survey bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ọ̀run láti New Mexico, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.5. Quasar, ìyẹn àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń mọ́lẹ̀ yòò láti ọ̀nà jíjìn réré, ni wọ́n ń ṣa, àwọ̀ wọn ni wọ́n sì fi ń ṣà wọ́n. Àwọ̀ CV sì jọ ti quasar gan-an, bí wọ́n ṣe jọ kó sínú àwọ̀n nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá tú ìmọ́lẹ̀ wọn palẹ̀ sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wò yìí. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tí gáàsì háídrójìn ń tàn rèé, níbi tí ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́ 656 nanometer. Ẹ wo orí rẹ̀: ṣóńṣó méjì ló ní, kòtò kékeré kan sì wà láàárín. Apá kan àwo gáàsì yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sún sọ́wọ́ búlúù. Apá kejì ń sá lọ, tiẹ̀ sún sọ́wọ́ pupa. Àwo tá ò lè fojú rí láé, òun náà ló yà síwájú wa yìí! Èmi ò tíì rí ẹ̀rí tó wù mí tó o. Kò sì dìgbà tí ìràwọ̀ náà bá pariwo. Lọ́dún 2009, Boris Gänsicke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn tí Sloan rí: ogunlọ́gọ̀ tí wọ́n ti ń wá jókòó pẹ̀sẹ̀ sí àárín 80 sí 86 ìṣẹ́jú.

Ọ̀nà míì ni ká máa padà síbì kan náà lemọ́lemọ́. Zwicky Transient Facility (ZTF), iṣẹ́ ìyàwòrán ojú ọ̀run kan, ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Palomar, ní California, láti ọdún 2018. Tẹ́ ẹ bá to ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tẹ̀ lé déètì, ó máa dà bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀pẹ̀ sórí bébà. Kọ̀ǹpútà á wá méfò àkókò kan, á gé ọdún gbogbo sí ègé tó gùn tóyẹn, á kó wọn léra. Tí kò bá bá a mu, á tún òmíràn gbé yẹ̀ wò, àìmọye ìgbà. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ á tò sórí ìlà kan ṣoṣo, ibi tó ti ń ṣú á sì hàn kedere. (Ẹ ṣọ́ra o: tí èsì bá ní ọjọ́ kan gééré, òru àti ọ̀sán tiwa ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀.) Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ZTF J1813+4251, tí wọ́n kéde lọ́dún 2022. Ìṣẹ́jú 51 ló fi ń yípo. Ó kéré sí 80 yẹn nítorí pé ìràwọ̀ tó ń pàdánù gáàsì níbẹ̀ ti dàgbà kó tó di pé wọ́n ń jẹ ẹ́, hélíọ́mù ló sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìtànṣán X-ray tí wọ́n ń tàn jáde náà ń tú wọn síta. Òun ló fi HM Cancri hàn, tó ń yípo láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀, torí pé aràrá funfun ni ìràwọ̀ méjèèjì níbẹ̀.

Ní báyìí, Vera C. Rubin Observatory ti gbé àwòrán àkọ́kọ́ jáde láti Chile ní June 2025. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.4, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì fẹ́ fi máa ya ojú ọ̀run apá gúúsù. Ó lè fi ìkìlọ̀ tó tó mílíọ̀nù 10 nípa ohun tó yí pa dà lójú ọ̀run ránṣẹ́ lóru kan. Àmọ́ kì í tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ bíi ti Sloan, ọ̀pọ̀ ohun tó máa rí á sì ṣú ju èyí tí awò míì lè tú palẹ̀ lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ yàn. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní kọ́kọ́ lé àwọn tó ń mọ́lẹ̀ yòò. Àwọn tó ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ ni màá mú, torí látinú bí wọ́n ṣe ń ṣú la ti lè ṣírò bí ìràwọ̀ méjèèjì ṣe tóbi tó àti bí wọ́n ṣe wúwo tó.