Kí Ìrànlọ́wọ́ Tètè Dé Ọ̀dọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láíbúrárì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kí yunifásitì máa ṣe fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kíákíá. Ìrànlọ́wọ́ tó bá jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń retí kí akẹ́kọ̀ọ́ wá òun wá, àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ ló máa ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti há mọ́ lọ́wọ́ kì í yọjú. Ojú ń tì í.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Alábòójútó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú orí kejì iṣẹ́ rẹ̀ wá ní ìparí oṣù. Oṣù parí, iṣẹ́ náà kò tíì tẹ́ ẹni tó kọ ọ́ lọ́rùn, ó ní kí òun tún un ṣe díẹ̀ sí i. Oṣù mìíràn tún wọlé. Wàyí o, kì í ṣe orí kejì nìkan ló jẹ ní gbèsè mọ́, ó tún jẹ gbèsè àlàyé. Bó bá rí alábòójútó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò yà bàrá gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Alábòójútó ní tirẹ̀ rò pé ọmọ náà ń báṣẹ́ lọ ni, torí àwọn tó ń kanlẹ̀kùn lójoojúmọ́ ti gba gbogbo àkókò rẹ̀. Bí odindi ọdún kan ṣe ń lọ nìyẹn, kò sí ìjà, kò sí ariwo.

Ẹ má sọ pé àwọn ọ̀lẹ nìkan nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2017, Katia Levecque àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé 3,659 ní Flanders, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló wà nínú ewu àìsàn ọpọlọ, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le. Ohun tó gba àfiyèsí mi jù níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tí alábòójútó fi ń mú iṣẹ́ wà lára ohun tó ń dá kún un tàbí tó ń dín in kù. Ká fi nọ́ńbà olùgbaninímọ̀ràn ránṣẹ́ sí wọn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Inú yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ àti alábòójútó ti ń pàdé ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo inú yàrá náà. Akẹ́kọ̀ọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó rí i pé báírò pupa kọ “Kò yé mi” sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé kẹrìnlá. Kí ni kò yé ọ̀gá? Ṣé gbólóhùn ni, àbí ọgbọ́n ìwádìí, àbí tíọ́rì? Ọmọ yìí lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ẹ wá fi wé èyí: “O sọ níbí pé ogójì ènìyàn lo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n o ò sọ bí o ṣe yàn wọ́n. Kọ ìpínrọ̀ kan lé e lórí.” Kò gba àsìkò láti kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Bí ìpàdé bá parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi íméèlì kékeré ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tá a fẹnu kò lé lórí, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tá a tún máa ríra. Kí alábòójútó fèsì, kó tún ibi tó yẹ ṣe. Ẹ̀rí ni lọ́jọ́ tí èdèkòyédè bá dé. Ẹ̀rí náà ni bí alábòójútó bá fẹ̀yìn tì láàárín kan. Láti 2005 ni àwọn yunifásitì ilẹ̀ Yúróòpù ti ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní Salzburg Principles, tó ní kí ojúṣe akẹ́kọ̀ọ́, ti alábòójútó àti ti yunifásitì wà nínú àdéhùn tó hàn kedere sí gbogbo wọn. Ìlànà yẹn náà ló ní ká ka akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé sí oníwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tá a bá kà sí oníwádìí, a ò ní máa rán an níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Ó kan láíbúrárì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọdún kẹta. Ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ tẹ orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí jọ́nà kan, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, yóò fi ní kí wọ́n yí ìlànà ìtọ́kasí wọn padà pátá, nígbà tí Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn to ìtọ́kasí ìwé, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2006. Ẹ bá wọn gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníwádìí, oní-díjíìtì 16, kí iṣẹ́ wọn má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Dátà wọn ńkọ́? Ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Bí jọ́nà kan bá sì ń ṣèlérí pé òun á tẹ iṣẹ́ wọn jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan bí wọ́n bá ti sanwó, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè.

Mo gbádùn ìdíje Three Minute Thesis, tí Yunifásitì Queensland ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní 2008: akẹ́kọ̀ọ́ á ṣàlàyé ìwádìí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, pẹ̀lú àwòrán kan ṣoṣo. Àmọ́ ta ló ń forúkọ sílẹ̀ fún un? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀ ni.

Àwọn tó ti gboyè, tí wọ́n ń fi àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ṣèwádìí, tún ńkọ́? Wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, a ò sì kà wọ́n kún òṣìṣẹ́ gidi. Nígbà tí àdéhùn bá ku oṣù mẹ́ta ni a máa ń rántí bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ. Ọdún àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìbéèrè yẹn ti wáyé. (Àwọn alábòójútó náà nílò ẹni tó máa kọ́ wọn. Ta ló kọ́ wa? Ohun tí ọ̀gá wa ṣe fún wa la ń ṣe, ire àti ibi rẹ̀.)

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹnì kan tí kì í ṣe alábòójútó pe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kó bi í pé: ìgbà wo lo rí alábòójútó rẹ kẹ́yìn? Kí lo ti kọ látìgbà náà? Ta ló kà á? Kó má dúró dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ sùn. Bó bá wá hàn pé àárín akẹ́kọ̀ọ́ àti alábòójútó rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ọ̀nà àtiyí alábòójútó padà wà ní ṣíṣí. Fọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé alábòójútó tí wàhálà wà láàárín òun àti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ẹ gbé e fún olórí ilé ẹ̀kọ́ oyè gíga kó máa fọwọ́ sí i.