Ransomware: ẹ fa wáyà ẹ̀dà ìpamọ́ yín yọ

Ẹ káàbọ̀. Ransomware ni ètò kọ̀ǹpútà tí olè fi ń ti fáìlì yín pa, táá wá ní kẹ́ ẹ sanwó kó tó ṣí i. Bá a ṣe lè dènà ẹ̀ la fẹ́ sọ. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ yín, ká jọ ṣe é.

Ọjọ́ tí fáìlì bá tì pa kọ́ lolè wọlé o. Ó lè ti wà nínú ilé fún ọjọ́ pípẹ́, tó ń rìn kiri jẹ́ẹ́. Á kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde, kó lè fi halẹ̀ pé òun á tú u fáyé rí. Lẹ́yìn náà, á wá ibi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) sí, á pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ló tó máa ti gbogbo ẹ̀ pa, táá ní kẹ́ ẹ wá sanwó.

Àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún 2021, àkáǹtì VPN àtijọ́ kan (ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ láti ìta), tí kò ní ju páswọ́ọ̀dù lásán lọ, ni wọ́n gbà wọ Colonial Pipeline, ilé-iṣẹ́ tó ń fi páìpù gbé epo ní Amẹ́ríkà. Bitcoin 75 ni ilé-iṣẹ́ náà san. Torí náà, ẹ ṣí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tó bá ti lọ, ẹ pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ báyìí. Àwọn tó kù, ẹ fi kóòdù orí fóònù kún páswọ́ọ̀dù wọn.

Ẹ tún máa ṣe update kọ̀ǹpútà yín. WannaCry, ransomware kan, jà ní oṣù karùn-ún 2017; Microsoft ti gbé update tó dí ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù kẹta.

Ó wá kan ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ ki hard drive bọ kọ̀ǹpútà, ẹ da fáìlì sí i, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́, mo bẹ̀ yín! Èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà, wọ́n á tì í pọ̀ mọ́ ìyókù ni. Nígbà tí NotPetya, kòkòrò kọ̀ǹpútà mìíràn, ba kọ̀ǹpútà Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, jẹ́ kárí ayé ní 2017, ẹyọ sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gbára lé) kan péré tó di orúkọ àti àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ mú ló yè, ní Gánà. Iná ló lọ níbẹ̀, tí kò fi sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá mú fáìlì kan látinú ẹ̀dà yẹn, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Oníbàárà mi kan ṣe ẹ̀dà fún ọdún méjì láì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ọjọ́ tá a nílò ẹ̀, òfìfo la bá. Ó ṣì ń dùn mí. Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa dán an wò.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ, ẹ pa Wi-Fi, àmọ́ ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀rí lè wà nínú ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Kẹ́ ẹ tó ronú owó rárá, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn wọ ìkànnì No More Ransom: ọ̀fẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí fáìlì tí wọ́n tì pa tó wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí tiyín wà lára wọn.