Ìbàdí Ló Ń Gbá Fóhándì

Ohun tí mo sọ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún ojú rẹ̀ ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ ibi tí ẹ ti rẹ́rìn-ín kúrò, mi ò sì yọ ibi tí màmá nọ́ọ̀sì ti yí ọ̀rọ̀ padà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Oròkí Asàlà, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó. Mo rí olùkọ́, mo rí òṣìṣẹ́ ìjọba, mo rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, mo sì rí àwọn bàbá tó ti ń gbá tẹ́níìsì kí wọ́n tó bí mi. Kò sí ẹni tí tẹ́níìsì ń bọ́ nínú wa. A ń gbá a nítorí ìlera, nítorí ọ̀rẹ́, àti nítorí pé tí bọ́ọ̀lù bá dún dáadáa lójú okùn rákẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dùn mọ́ èèyàn títí di alẹ́. Irú wa ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Fóhándì ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn bọ́ọ̀lù tá a gbá ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú; ti ẹ̀gbẹ́ kejì là ń pè ní bákáńdì. Kí n tó ṣí ìwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́: ìbàdí ló ń gbá fóhándì. Apá kàn ń gbé rákẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e ni.

Ẹ rántí ọdún egúngún. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pàṣán, apá ló fi ń nà án. Á máa jù ú kiri, kò ní dún. Ẹ wá wo atọ́kùn tó mọ̀ ọ́n nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, ìbàdí á yí, èjìká á tẹ̀ lé ìbàdí, apá á tẹ̀ lé èjìká. Ìdí pàṣán á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí ṣóńṣó rẹ̀ tó dé, ṣóńṣó yẹn ló sì ń ké. Ibi tí agbára ti gbéra jìnnà sí ibi tó ti dún. Orí rákẹ́ẹ̀tì yín ni ṣóńṣó pàṣán. Òun ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn dé, òun náà ló gbọ́dọ̀ yára jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bàbá yín lọ sóko náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fi apá ṣánko, kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti wà lábẹ́ igi. Àgbẹ̀ tó ń ṣán an títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ wo ìdí rẹ̀, kì í dúró sójú kan.

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kò tiẹ̀ tó gíráàmù 60. Òfin ní kó wà láàárín gíráàmù 56 sí 59.4. Ìwọ̀n ẹyin adìẹ kan ni. Kí ló dé tá a fi ń payín keke nítorí ohun tí kò ju ẹyin adìẹ lọ?

Ẹ tún wo Rafael Nadal, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó gbá tẹ́níìsì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ọwọ́ òsì ló fi gbá tẹ́níìsì, ọwọ́ òsì yẹn ló sì fi gba ife ìdíje French Open nígbà 14. Tó bá jẹ́ pé inú apá ni fóhándì ń gbé, báwo ló ṣe ṣe é? Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Apá rẹ̀ tóbi ni!” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, apá rẹ̀ tóbi. Steffi Graf, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kò ní irú apá bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ fóhándì rẹ̀ ni àwọn tó bá a gbá ń sá fún lọ́dún 1988 tó gba Grand Slam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹ́níìsì, pẹ̀lú wúrà Olympic.

Àwọn kan wà nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ, wọ́n mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún akẹ́kọ̀ọ́: “Fa rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn! Fa rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn!” Ọmọ á fà á sẹ́yìn lóòótọ́. Apá á lọ sẹ́yìn, àyà á ṣì kọjú sí nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Agbára wo ló kù níbẹ̀? Ẹni tó ń kọ́ni báyẹn ń ba ọmọ jẹ́, ó sì tún ń gbowó lé e.

Èjìká ni kẹ́ ẹ yí, rákẹ́ẹ̀tì á bá a lọ. Ọ̀nà tó dájú jù ni ọwọ́ òsì. Ẹ fi ọwọ́ òsì yín mú ọrùn rákẹ́ẹ̀tì nígbà tẹ́ ẹ bá ń retí bọ́ọ̀lù. Bó bá ti ń bọ̀ lápá ọ̀tún, kí ọwọ́ méjèèjì jọ lọ pa pọ̀. Ẹ ò lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé rákẹ́ẹ̀tì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí èjìká yín má yí. Ẹ dìde, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. (Wọ́n dìde, àga ń han gooro, àwọn bàbá ń fọwọ́ gbá ara wọn.) Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ òsì á fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á nà gbọọrọ sí apá ọ̀tún, bí ẹni pé ó fẹ́ bá nẹ́ẹ̀tì dọ́gba. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, àmọ́ lórí pápá, ẹ fi júwe ọgbà tó wà lápá ọ̀tún yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ìgbà wo ni kẹ́ ẹ yí i? Kí bọ́ọ̀lù tó kọjá nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti ìlà ẹ̀yìn kan dé èkejì, mítà 23.77 ni. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù líle rárá, ń rin mítà 16 ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lẹ ní. Ká tiẹ̀ fi díẹ̀ kún un, nítorí afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ń dín eré rẹ̀ kù. Ẹni tó bá ń wò ó títí tó fi ta nílẹ̀ kó tó yí èjìká ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò rẹ̀. Kò sí ohun tó kù tó lè fi gbá a ju apá lọ. Ibẹ̀ ni ìrora ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ti ń wá bá ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ọdún mẹ́jọ ni èmi fi gbá a bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi ló ní kí n máa fi ọrùn ọwọ́ já a. Ìgúnpá mi dùn mí dé ibi tí mi ò lè gbé ife tíì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, tí inú sì ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ̀kọ́ yẹn ṣì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì dòní. Wọ́n ní nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan okùn, kẹ́ ẹ fi ọrùn ọwọ́ yí i lórí. Bọ́ọ̀lù kì í lò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ lójú okùn. Kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́ pé àlejò dé, àlejò ti délé. Ọrùn ọwọ́ ń yí lóòótọ́, gbogbo wa la ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ìbàdí tó ti yí ṣáájú ló fà á. Iṣẹ́ tiyín ni pé kẹ́ ẹ má dí i lọ́nà. Onídùndún kì í di kọ̀ǹgọ́ mú bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú. Ó ń jẹ́ kó ta padà fúnra rẹ̀ ni. Ẹ di rákẹ́ẹ̀tì mú báyẹn.

Ibí yìí ni alága na ìka mẹ́wàá sí mi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Àwọn onígbèéyàwó tó gba gbọ̀ngàn náà lọ́sàn-án ti ń já àga sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo sáré gba orí ìyókù kọjá.

Ní ti ìdìmú: ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ fi rákẹ́ẹ̀tì onígi kọ́ tẹ́níìsì, continental lẹ ń dì mú, bí ẹni di òòlù mú. Ó dára fún bọ́ọ̀lù tá a fi ń ṣí eré. Fún fóhándì tó bá ga dé àyà, ó ń jẹ yín níyà. Ẹ bọ rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ bí ẹni bọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, eastern nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tún fa àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ti dé semi-western. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ jù bẹ́ẹ̀.

Iwájú ara ni kẹ́ ẹ ti pàdé bọ́ọ̀lù, níbi tí ọwọ́ yín máa wà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Àwọn bọ́ọ̀lù wa ti gbó, wọn kì í ta ga mọ́, nítorí náà orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Kí orí rákẹ́ẹ̀tì gbéra láti ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù, kó parí lókè. Bọ́ọ̀lù á máa yí síwájú bó ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ á tì í wálẹ̀ kó tó jáde. Yíyí síwájú yẹn ni wọ́n ń pè ní topspin. Àwọn kan ní rákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá ló ń mú un wá. Björn Borg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi rákẹ́ẹ̀tì onígi gba ife ìdíje Wimbledon ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún léra, láti 1976 sí 1980, topspin ló sì fi ń gbá a. Ẹ fi owó yẹn ra bọ́ọ̀lù. Tẹ́ ò bá sì mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbá a sí, ẹ gbá a láti igun sí igun: nẹ́ẹ̀tì ga ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàárín, mẹ́ta àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, pápá sì gùn sí i ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ lọ́nà igun.

Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí màmá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì. Wọ́n ní, “Kóòṣì, ẹ ṣeun, ohun tẹ́ ẹ sọ yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n yí èjìká kí bọ́ọ̀lù tó kọjá nẹ́ẹ̀tì. Èmi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn bóyá fóhándì ni àbí bákáńdì. Ìgbà tí n bá fi mọ̀, ó ti dé àyà mi. Kí ni mo wá fẹ́ yí?”

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo wo ìwé mi. Ìdáhùn wà níbẹ̀, lójú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí mo kọ ọ́ sí bí ohun tí èèyàn lè fò. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bọ́ síwájú, kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró lórí pápá. Wọ́n dúró. Gìgísẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún nà gbọnrangandan, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní Ọjà Ọba.

Mo ní, “Màmá, ojú yín tètè rí i. Ẹsẹ̀ yín ni kò tíì jí.”

Nígbà tí rákẹ́ẹ̀tì ẹni tó wà ní òdìkejì bá ń bọ̀ wá kan bọ́ọ̀lù, ẹ fò díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ga ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀, kí orúnkún rọ̀. Kẹ́ ẹ tó balẹ̀ tán, ojú yín á ti rí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà, ilẹ̀ á sì tì yín lọ síbẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọdébìnrin tó ń ta tẹ́ń-tẹ́ń. Wọn kì í dúró gbagidi máa wo ẹsẹ̀ tí ẹnì kejì máa nà. Inú fífò ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.

Màmá ní, “Háà! Tẹ́ń-tẹ́ń kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń bà mí nílé ìwé!”

Bàbá kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu bèèrè bóyá òun náà gbọ́dọ̀ fò. Rárá, bàbá. Ẹ kàn gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ rọ orúnkún lásìkò kan náà. Àsìkò yẹn ló ṣe pàtàkì.

Ìbéèrè ń jáde lọ́tùn-ún lósì, àwọn onígbèéyàwó sì ti ń so aṣọ mọ́ òpó. A kó jáde lọ sórí símẹ́ńtì níbi ìgbọ́kọ̀sí. Rákẹ́ẹ̀tì méjì ni mo gbé wá, pẹ̀lú báàgì bọ́ọ̀lù àlòkù. Mo ní kò sẹ́ni tó máa gbá nǹkan kan ná. Èmi á ju bọ́ọ̀lù láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mi ò ní sọ ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ. Bí ọwọ́ mi bá ti ń bọ̀ síwájú, kí wọ́n fò. Bí wọ́n bá balẹ̀, kí wọ́n yí. Kí wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gba bọ́ọ̀lù mú níwájú ara. Ẹ ṣe èyí nílé pẹ̀lú ọmọ yín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì.

Màmá sọ mẹ́ta àkọ́kọ́ nù. Ìkẹrin bọ́ sí wọn lọ́wọ́ níwájú, níbi tó yẹ. Ìkarùn-ún náà bọ́ síbẹ̀. Mo gbé rákẹ́ẹ̀tì fún wọn. Mo ju ìkẹfà. Wọ́n fò, wọ́n balẹ̀, ọwọ́ méjèèjì jọ lọ, ìbàdí yí padà, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó kan ògiri ọgbà, ó dún débi tí àwọn tó ń gbé kúlà sílẹ̀ fi yíjú wò.

Màmá wo rákẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo apá wọn. Wọ́n ní, “Kóòṣì, apá mi ò mọ nǹkan kan nípa eléyìí o.”

Mo ṣa bọ́ọ̀lù míì nínú báàgì, mo ní kí wọ́n tún un gbá.