Níbo Ni Ará Èkó Yóò Ti Máa Najú?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ ibi ìgbafẹ́ ni mo gbé wá, Èkó ni màá sì gbájú mọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù.

Ìkànìyàn ọdún 1963 ka nǹkan bí 665,000 ènìyàn nínú ìlú Èkó. Nígbà tí ti ọdún 2006 dé, wọ́n ní mílíọ̀nù 9 ló wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ yarí, wọ́n ní àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. Èyí ó wù kó jóòótọ́, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí, a ò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó kọ́lé. Irú ilẹ̀ tí a kọ́kọ́ ń gbà ló ń dùn mí. Etí òkun, àbàtà, pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù: àwọn ló ń kọ́kọ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó ní ìwé wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo Bar Beach, etí òkun tó wà ní Victoria Island. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà Kérésì tàbí Àjíǹde yóò rántí àwọn ẹṣin tí wọ́n ń gbé ọmọdé gùn, ẹlẹ́sùyà, alágbọn, àti àwọn Aládùúrà nínú aṣọ funfun, tí wọ́n kúnlẹ̀ kọjú sí òkun, agogo lọ́wọ́. Ọmọ Mushin àti ọmọ Ìkòyí jọ ń tẹ yanrìn kan náà ni. Lónìí, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló wà níbẹ̀, nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn ìsàlẹ̀ òkun tẹ́.

Kí n má ṣàbòsí: òkun ń jẹ ilẹ̀ náà lóòótọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti to òkúta sẹ́nu ọ̀nà òkun kí ọkọ̀ lè wọ èbúté ni yanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò ti rọ́nà kọjá mọ́. Nígbà náà, omi a máa ya wọ Ahmadu Bello Way, títì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun náà. Ó yẹ kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí etí òkun tí wọ́n fi dípò èyí tó lọ. Ní ọdún 2024, ọ̀nà tó ń lọ sí Calabar tún dé Oniru, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ létí òkun níbẹ̀.

Igbó ìdáàbòbò Lẹ́kkí ṣì wà, 78 hẹ́kítà, tòun ti afárá orí igi rẹ̀ tó gùn tó mítà 401. Ó ní ìwé, ó sì ní alágbàtọ́, ìyẹn Nigerian Conservation Foundation. Ìdí tó fi kù nìyẹn. Àmọ́ èèyàn ń sanwó kó tó wọlé, yanrìn tí wọ́n sì ń dà sí àbàtà àyíká ń lé omi síbòmíràn.

Àwọn ọmọ tí kò rówó wọlé ti sọ títì di pápá. Òkúta méjì lápá ibí, méjì lápá ọ̀hún. Bí mọ́tò bá fọn fèrè, wọ́n á gbé òkúta kúrò, wọ́n á dúró kó kọjá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ẹ bèèrè àwòrán ilẹ̀ ẹ́síteeti yín. Ẹ wo ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eré ìdárayá. Bí wọn ò bá tíì tà á, ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì bá ìjọba ìpínlẹ̀ fi orúkọ gbogbo àdúgbò sí ìwé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ògiri yí i ká.