King Gizzard & the Lizard Wizard: Ẹgbẹ́ Olórin Tí Kì í Dúró Sójú Kan

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ King Gizzard & the Lizard Wizard la gbé wá, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì psychedelic (rọ́ọ̀kì tí ìró rẹ̀ máa ń dà bí àlá) tí Stu Mackenzie àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọdún 2010.

Ohun tó ń yí orin wọn padà ni pé wọ́n máa ń fi òfin tuntun de ara wọn kí wọ́n tó ṣe àwo. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú Quarters! ti ọdún 2015, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 10. Nínú Nonagon Infinity ti ọdún 2016, orin kọ̀ọ̀kan já sínú èyí tó tẹ̀lé e, ti ìkẹyìn sì padà já sínú ti àkọ́kọ́.

Flying Microtonal Banana ti ọdún 2017 ló wù mí jù. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ló ń pààlà sáàárín ìró kan àti òmíràn. Mackenzie gba gìtá tí wọ́n fi irin kún, kí ó lè rí ìró irú èyí tí bağlama, ohun èlò orin olókùn àwọn ará Tọ́kì, máa ń mú jáde, ìró tó wà láàárín méjì tí gìtá lásán máa ń fò kọjá. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí onílù ṣe ń fún ọṣán dùndún, tí ohùn ìlù ń yọ́ lọ sókè, kò ní ṣàjèjì sí i.

Àwo márùn-ún ni wọ́n gbé jáde lọ́dún náà. Adùn wọn kò dọ́gba, àmọ́ wọ́n fi Polygondwanaland ta aráyé lọ́rẹ, wọ́n sì yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní ọdún 2019, wọ́n bọ́ sórí thrash metal, irú rọ́ọ̀kì líle tó ń yára, gìtá ń bú ramúramù, wọ́n ń kígbe nípa bí ènìyàn ṣe ń ba ayé jẹ́. Ní 2021, synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣẹ̀dá ìró, ló gba iwájú nínú Butterfly 3000. Ní 2025, wọ́n kó ọ̀kẹ́sítírà wọ inú Phantom Island.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn, ẹ fi “Rattlesnake” inú Flying Microtonal Banana bẹ̀rẹ̀: orí ìró kan ṣoṣo ló dúró lé fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà, kedere lẹ máa gbọ́ àwọn ìró tí irin àfikún wọ̀nyẹn mú wọlé.