Igbá Tó Di Ẹyin: Bí Kátúùn Fífẹ̀ Ṣe Ń Wọ Tẹlifíṣàn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya kátúùn sọ ní Òkè Fìà, Òṣogbo. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wá wáyà kọ̀ǹpútà kúrò.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ibi tí ojú ti tì mí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kátúùn àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún tẹlifíṣàn, Ìjàpá ni mo yà, ó jókòó sí etí odò Ọ̀ṣun, ó gbé igbá ẹ̀kọ dání. Mo fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan, mo pe gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀. Àfi bí Ìjàpá ṣe yọ gbọọrọ bí ọ̀pẹ, tí igbá ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹyin tí wọ́n gbé nàró. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ara Ìjàpá yìí yá ṣá? Ó mà rù o." Ẹ̀bi ilé iṣẹ́ náà kọ́. Èmi ni mo gbé ẹrù fún wọn tí mi ò sọ bí wọ́n ṣe máa tú u.

Lórí kọ̀ǹpútà wa, ìbú pixel kan, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ kékeré tí a fi kó àwòrán jọ, àti gíga rẹ̀ dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí 1920 lọ́nà 1080 fi jẹ́ 16:9, ìyẹn ìbú 16 sí gíga 9, ojú tí à ń pè ní fífẹ̀; kò gba àlàyé. Fídíò àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1982, àjọ CCIR, tó ń ṣètò ìlànà rédíò àti tẹlifíṣàn lágbàáyé, gbé ìlànà kan jáde, èyí tí a mọ̀ sí Rec. 601 báyìí. Pixel 720 ni wọ́n fún ìlà kọ̀ọ̀kan, yálà PAL, ìlànà tẹlifíṣàn tí àwa ń lò ní Nàìjíríà, tó ní ìlà àwòrán 576, tàbí NTSC ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ 480 lórí DVD. Wọ́n fẹ́ kí ìlànà kan sin ayé méjèèjì. Ohun tó ná wọn ni pé pixel kò dọ́gba mọ́. Ẹ ṣírò 720 lọ́nà 576: 5:4 ni. Kì í ṣe 4:3 ti tẹlifíṣàn àtijọ́, kì í ṣe 16:9, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń gbé méjèèjì. Tẹlifíṣàn ló máa na pixel náà, díẹ̀ fún 4:3, púpọ̀ fún 16:9.

Kátúùn fífẹ̀ tí a fún mọ́ inú 720 dà bí agbádá tí a ká sínú àpótí. Aṣọ ò bàjẹ́, ẹni tó bá ṣí àpótí ni yóò tú u. Àmì kékeré kan wà nínú fáìlì tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó tú u dé 16:9. Àmì yẹn ni mo gbàgbé. Ẹ̀rọ wọn kà á sí 4:3, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú Ìjàpá sì bá odò lọ.

Mo ya òbìrìkìtì kan sí ojú ìwé 1024 lọ́nà 576, tó jẹ́ 16:9 lórí kọ̀ǹpútà, ó ga ní 400, ó fẹ̀ ní 400. Nígbà tí mo fún un wọ 720, ìbú rẹ̀ di 281, gíga rẹ̀ ò yẹ̀. Ẹnìkan láàárín yín ti ń na ọwọ́ láti tún un ṣe. Ẹ fi sílẹ̀! Inú àpótí ló ṣì wà. Ojú tẹlifíṣàn gan-an ni mo gbé rúlà sí, ìbú àti gíga sì bára mu. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n.

Ọmọkùnrin kan béèrè ìdí tí After Effects, ohun èlò kọ̀ǹpútà ti Adobe tí a fi ń ṣe kátúùn, fi ń fún òun ní ìbú 1050, tí èmi ń pe 1024. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi. Kó tó di ẹ̀dà CS4 ní 2008, 1.4222 ni Adobe ka ìbú pixel PAL fífẹ̀ sí bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 1, 720 á sì di 1024. Láti CS4 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 1.4587, 720 wá di 1050. Nínú 720 yẹn, bíi 702 ni àwòrán gan-an, ìyókù jẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Ẹ sọ 702 di ìlọ́po 1.4587, 1024 lẹ máa bá níbẹ̀. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ lò, ẹ má ṣáà pa méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan.

Ti ojú 4:3 ló ń dùn mí jù, torí purojẹ́tọ̀ 1024 lọ́nà 768 ṣì pọ̀ ní gbọ̀ngàn wa. Ká ní ọdún Ọ̀ṣun lẹ yà: Arugbá ní àárín, onílù lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá gé ìbú ojú ìwé 1024 lọ́nà 576 di 768, pixel 128 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. À ń gbọ́ ìlù, a ò rí onílù. Bí ẹ bá fi dúdú sí òkè àti ìsàlẹ̀, ìlà 432 ló kù fún àwòrán nínú 576, dúdú 72 lókè, 72 nísàlẹ̀. Èmi fara mọ́ dúdú ju gígé lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń yàwòrán ní ọ̀nà tí oníkámẹ́rà ò ní: léyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ìpele àwòrán tó ń dá dúró, ni Arugbá àti onílù wà. Ẹ fa àwọn onílù wọlé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà kejì fún 4:3.

Ti àwòrán 24 sí 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò ní pẹ́. Bí tẹlifíṣàn ilé wa bá ni iṣẹ́ náà ń lọ, 25 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi 24 ṣe é, ẹ máa sáré é ní bí ìdá 4 nínú 100 kó tó bá 25 mu, ohùn ìlù á sì ga sókè díẹ̀, onílù tó bá mọ ìlù rẹ̀ á gbọ́ ọ.

Ní tèmi, ìwé pélébé kan ló máa ń tẹ̀lé fáìlì mi báyìí: PAL, 720 lọ́nà 576, 16:9, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tú u. Òbìrìkìtì kan sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí Ìjàpá tó jáde.