Ìṣẹ́jú Kan Àbọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má wo ti ohùn mi, ó ti há, Houston la wà ẹ mọ̀, oòrùn ń jó èèyàn níta, òtútù AC tún ń pa á nínú ilé. Ó dáa. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi pé "Ìyá Àjàní, ọmọ yín ti wọ West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà, ẹ wá ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe ṣe é fún wa", mo ti rí i, mo dúpẹ́. Fọ́ọ̀mù ni, àyẹ̀wò dókítà ni, ẹ ó wá aṣòfin tó máa forúkọ ọmọ sílẹ̀, ọmọ ó sáré máìlì kan, á ṣe push-up, á wà lórí eékún ju bọ́ọ̀lù basketball, kò gbọ́dọ̀ tíì gbéyàwó, kò gbọ́dọ̀ ní ọmọ tí òfin ní kó máa gbọ́ bùkátà ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ kà á. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó ti máìkì yìí.

Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n ti orí bàtà bẹ̀rẹ̀ ná. Ó pẹ́ kó tó lọ tí Àjàní ti ń wọ bàtà sójà kiri inú ilé, wọ́n ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ títí á fi bá ẹsẹ̀ mu, torí bàtà tó bá ṣì le á bó wọn lẹ́sẹ̀, òkè ló kún ibẹ̀, etí odò Hudson, bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ooru tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bá sì ń parí lọ, máìlì 12 ni wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn padà wá sí ibùdó pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ni ọmọ bá ń wọ bàtà fọ abọ́, ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì, lọ́jọ́ Sunday kan ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ agbádá! (Ẹ̀rín.) Aṣọ òkè lókè, bàtà ogun nísàlẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Èmi ni mò ń wá ibi tí mo máa fojú sí.

Ó tún ń kọ́ èsì. Èsì mẹ́rin péré ló wà lẹ́nu ọmọ tuntun nígbà Beast, Beast ni wọ́n ń pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ooru yẹn: yes sir, no sir, no excuse sir, àti sir, I do not understand. Ó parí. Kò sí "ẹ jẹ́ n ṣàlàyé". Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé ta ló bu ẹran inú ìkòkò yìí jẹ, ó na ọrùn ṣánṣán, ó tẹjú mọ́ ògiri, ó ní "No excuse, ma'am". Háà! Mo gbádùn ẹ̀ jọ̀ọ́! Mo ní bí wọ́n bá lè gba gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Texas fún òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, màá san owó ọkọ̀ wọn.

Ó wá ń há nǹkan sórí. Iná mélòó ló wà ní Cullum Hall, ilé ńlá kan ní West Point? 340. Gálọ́ọ̀nù omi mélòó ló wà nínú Lusk Reservoir, adágún omi wọn? Mílíọ̀nù 78, nígbà tí omi bá ń ṣàn kọjá ẹnu ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti bi í o, ó kàn gbọ́ pé wọ́n máa bi òun ni. Ọmọ tí mo ti ń ki ní oríkì ìdílé bàbá ẹ̀ látìgbà tó ti ń rákòrò! Ìlà mẹ́ta ló mọ̀. Mẹ́ta. Àmọ́ iye gílóòbù ilé onílé, ó mọ̀ ọ́n.

Ó dáa, mi ò sá fún un mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé, wọ́n kó àwa òbí àtàwọn ọmọ jọ sójú kan. Ológun kan kí wa káàbọ̀, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní ó yá o, ẹ ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láti dágbére fúnra yín. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ yẹn ló ṣì ń ṣe. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ìyá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti di mọ́ ọmọ tiẹ̀.

Bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá a mọ́ra, ìyẹn sì lo ju ìdajì lọ (ẹ̀rín), ọkùnrin tí kì í di mọ́ èèyàn! Àbúrò ẹ̀ obìnrin náà ṣe tiẹ̀. Ó wá kàn mí. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní "Àjàní, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà..." Ibi tí mo dé nìyẹn. Mi ò tíì dárúkọ bàbá ńlá ẹ̀ kankan, mi ò tíì gbàdúrà kan tí wọ́n máa ṣe àmín sí. Wọ́n ní àkókò ti tó. Ọmọ náà yọ orí ẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó yọ orí. Kì í ṣe pẹ̀lú ipá o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni tó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa bá a dé. Ó lọ tò sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Mo ní ó dáa, òun náà ò mọ̀ ni, wọ́n ká a mọ́ bí wọ́n ṣe ká mi mọ́. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn títí a fi wọ mọ́tò. Ni àbúrò ẹ̀ bá ní, "Mummy, bọ̀ọ̀dá mọ̀ o. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé tẹ́ ẹ bá gbọ́, láti Houston lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àdúrà."

(Ó dákẹ́ díẹ̀.)

Ọmọ tó mọ iye gílóòbù. Ó mọ ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó sì mú un mọ́ra. Ó wọ bàtà títí bàtà fi rọ̀, ó sá eré nínú ooru, ó múra gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀, èmi ìyá ẹ̀ ló fi sílẹ̀ láìmúra.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ ọ́ báyìí pé "Ìyá Àjàní, ẹ ò bá ti gbàdúrà nílé kẹ́ ẹ tó débẹ̀." A gbà á! Pásítọ̀ wá sílé, a ṣe vigil, a fòróró yàn án, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbà á lórí fóònù láti Ìbàdàn. Àmọ́ ṣé ẹ máa sọ fún mi pé àdúrà inú ilé àti àdúrà ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan náà ni? Níbo la ti tọ́ yín? Nígbà tí mò ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyá mi ti gbàdúrà fún mi ní yàrá, ó gbà á ní pálọ̀, ó gbà á nínú mọ́tò, ó dé Ìkẹjà ó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, títí ọlọ́pàá fi ní "Mama, abeg, shift". Ó ṣe àmín fún ọlọ́pàá yẹn náà! Bí a ṣe ń dágbére nìyẹn. A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ọ níbì kankan, inú ẹ̀ la dàgbà sí.

Ẹlòmíì tún ní oríkì kì í ṣe àdúrà, pé ti òrìṣà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Oríkì tí mo ki ọmọ mi, orúkọ ìlú bàbá ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, ìjàkadì ló wà ńbẹ̀. Ọmọ ń lọ síbi tí wọ́n máa ti máa jágbe mọ́ ọn látàárọ̀ dalẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kí n wí fún un, "have fun"?

Èyí tó wá pọ̀ jù ni ti ogun. "Ẹ gbọ́mọ fún ìjọba òyìnbó torí ìwé ọ̀fẹ́." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sówó ilé ìwé, wọ́n tún ń fún un lówó díẹ̀ lóṣooṣù, bó bá jáde á sin iṣẹ́ ológun lọ́dún márùn-ún ó kéré tán. A ṣírò ẹ̀, a jókòó tì í, òun fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́. Ẹ ò bẹ̀rù fún ọmọ yín tó ń wa mọ́tò lórí I-10 láago méjì òru, ti tèmi lẹ wá bẹ̀rù fún. Àwa táa sì ń pariwo pé Yorùbá kì í ṣe ológun yẹn, kí la pe Kírìjì? Láti 1877 dé 1893! Ta ni Balógun, oyè ìjókòó ni? 1877 yẹn gan-an, ọdún yẹn náà ni Henry O. Flipper gboyè jáde ní West Point, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia. Ọdún mẹ́rin tó lò níbẹ̀, àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀, wọ́n yẹra fún un bí ẹni tí kò sí ńbẹ̀. Ọmọ ẹrú! Kò bínú kúrò. Mi ò mọ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́wọ́ lé e lórí lọ́jọ́ tó ń lọ. Mo ń rò ó, ẹ ṣáà ń bínú sí mi nípa ìwé ọ̀fẹ́.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ Àjàní. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé yẹn, wọ́n kó wọn jáde wá sí pápá ńlá, wọ́n ń tò lọ, wọ́n wá búra. Wọ́n ti fá àwọn ọkùnrin inú wọn lórí, aṣọ kan náà, ìrìn kan náà, àwọn ọmọ tí wọn ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì láàárọ̀. Mo wá ọmọ mi títí ojú fi ń ro mí. Bàbá ẹ̀ ní òun rí i, ó ń nawọ́ sí ẹnì kan. Irọ́ ni. Ọmọ Ethiopia kan lẹni yẹn, ìyá ẹ̀ wà níwájú wa, ó ń pariwo orúkọ ẹ̀! (Ẹ̀rín.)

Wọ́n gba fóònù wọn o, lẹ́tà ìwé la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i, mi ò bi í bó ṣe jẹun, mi ò bi í bó ṣe sùn. Mo kọ oríkì yòókù, láti ibi tí mo dúró sí.

Ọmọbìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń lọ sí Annapolis lọ́dún tó ń bọ̀, ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, àwọn náà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ooru tiwọn. Ìyá ẹ̀ bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn, bàtà wo, ọṣẹ wo. Mo ní ìyá, ẹ gbàgbé ọṣẹ. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ ka àkókò, ẹ ki ọmọ yín, ẹ gé oríkì yẹn kúrú, ẹ mú ibi tó lágbára jù ńbẹ̀.

Mo wá ro èyí fún Màmá Ọ̀fà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, lórí fóònù, pé mo ti rí bí a ṣe máa ṣe é nígbà tó bá kan àbúrò Àjàní, tó bá lóun náà ń lọ. Wọ́n ní gé kí ni? Oríkì ta ni mo fẹ́ gé? Wọ́n ní kí n lọ sọ fún àwọn sójà yẹn kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan. Mo ní Màmá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ ò bá pè wọ́n fúnra yín.

Wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà wọn.